Ohùn Akéde àti Ohùn Olóògùn Nínú Ìwé Ìròyìn Àtijọ́

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ìròyìn ogun àti ìròyìn ọba tí ó wà nínú rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a ń fojú fò ni mo fẹ́ kí a wò: ìkéde tí ìjọba ń ṣe, àti ìpolówó oògùn tí ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ dúró sí Ọjà'ba. Ẹ mọ̀ pé orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé ni ọjà yẹn ń jẹ́ títí di òní. Ẹ fi ọkàn yín padà sí ọ̀rúndún tí ó kọjá lọ́hùn-ún, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, kí a sì tó ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní ọdún 1929. Ní àkókò náà, bí Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè bá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́, akéde ni wọn ń rán. Akéde á gbé agogo, á dúró ní Ọjà'ba, á gba Bẹẹrẹ, á yà sí Bẹyẹrúnká. Á lu agogo, á kígbe pé kí gbogbo ènìyàn fetí sílẹ̀. Nígbà tí ọjà bá dákẹ́ díẹ̀, á sọ ẹni tí ó rán an, á sọ ohun tí wọ́n ní kí ó sọ, á sì sọ ìyà tí ń bẹ fún ẹni tí ó bá ṣe àìgbọràn.

Akéde kò tíì rìn jìnnà tán tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn kejì. Ohùn olóògùn ni. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó to egbò àti èèpo igi sí i, ó ń pe ibà, ó ń pe inú rírun, ó ń pe àrùn tí kò ní orúkọ. Ó ní òun ní àgúnmu tí ó lè lé gbogbo wọn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bi í léèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹ fi ṣe é?" Bí olóògùn bá fẹ́ sọ, á sọ, bí kò bá fẹ́ sọ, oníbàárà á wo ojú rẹ̀, á sì mọ ohun tí òun yóò ṣe.

Ohùn méjì nìyẹn: ohùn ẹni tí ó ń pàṣẹ, àti ohùn ẹni tí ó ń tajà. Ẹnikẹ́ni kì í ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Akéde ní agogo, olóògùn kò ní i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn dé ilẹ̀ wa, ó gbé ohùn méjèèjì sí orí ìwé kan náà, ó fi lẹ́tà kan náà tẹ̀ wọ́n, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn tiwa òní ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá. Àlùfáà Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. ni ó dá a sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1859. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ apá kan rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń gbé jáde pọ̀: ìròyìn ìjọ, ẹni tí a bí àti ẹni tí ó kú, àlùfáà tí ó dé àti èyí tí ó lọ, iye tí òwú ń lọ, ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò àti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkéde tiwọn sí i.

Ẹ má gbàgbé pé nígbà náà, bí a bá wí pé "Yorùbá," àwọn ará Ọ̀yọ́ ni a sábà ń pè bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Nítorí náà orúkọ ìwé náà ní òun jẹ́ ti Ẹ̀gbá, òun sì jẹ́ ti àwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ìjàyè dé ní ọdún 1860, tí Ìbàdàn àti Ìjàyè dojú ìjà kọ ara wọn, àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Townsend tí ó ń gbé láàárín wọn kò fi ojú rere wo Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà David Hinderer, tí òun àti aya rẹ̀ Anna ti ń gbé ní Kúdẹ̀tì láti ọdún 1853, ń gbèjà Ìbàdàn. Òyìnbó méjì, ìjọ kan náà, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ẹni tí ó bá wà ní Abẹ́òkúta tí ó sì ka ìwé ìròyìn nìkan, ẹjọ́ ẹnì kan ni ó gbọ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn fún ẹni tí ó fẹ́ fi ìwé ìròyìn kọ ìtàn: kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹni tí ó kọ ọ́ jókòó sí.

Ogun náà dí ọ̀nà. Ọjà láti etíkun kò lè gòkè wá sí Ìbàdàn mọ́, owó tí ìjọ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn Hinderer kò dé. Ebi pa wọ́n, àìsàn ṣe wọ́n, Anna Hinderer sì ń ta ẹrù ilé rẹ̀ láti fi ra oúnjẹ. Ní ọdún 1865 ni Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, rán ọ̀gágun Maxwell láti gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú wá sí Ìbàdàn ní ìkọ̀kọ̀, tí ó fi gbé obìnrin náà jáde. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí ọ̀nà bá dí, kò sí ìwé tàbí oògùn tí ó lè fò ó kọjá.

Ìwé Ìròhìn Townsend kò pẹ́ láyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, nígbà rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé, a lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, a sì ba ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Ní ọdún 1863 ni Robert Campbell dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó pè ní The Anglo-African. Ọmọ Jàmáíkà ni Campbell. Ó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, kí ó tó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìwé rẹ̀ parí ní ọdún 1865. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọdún 1880 kí Richard Beale Blaize, oníṣòwò ńlá, tó bẹ̀rẹ̀ The Lagos Times. The Lagos Observer tẹ̀ lé e ní ọdún 1882, The Eagle and Lagos Critic ní ọdún 1883. Ní ọdún 1888 a tún rí Ìwé Ìròhìn Èkó, tí èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1891 John Payne Jackson bẹ̀rẹ̀ The Lagos Weekly Record.

Bí ẹ bá mú ọ̀kan nínú irú ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́, kí ni ẹ ó rí? Ìwé náà kò nípọn. A pín ojú rẹ̀ sí òpó tóóró tóóró. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, kò sì sí àwòrán púpọ̀. Nínú òpó kan ni ẹ ó ti rí ọkọ̀ ojú omi tí ó dé láti Liverpool, àti ẹrù tí ó kó wá. Ẹ ó rí ilé tí wọ́n fẹ́ lu ní gbàǹjo. Ẹ ó rí ìkéde ìjọba. Lábẹ́ ìkéde ìjọba, láìsí ju ìlà kan lọ láàárín wọn, ẹ ó rí oògùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìkéde ìjọba ná. Ọ̀nà kan náà ni a máa ń gbà kọ ọ́. A ó kọ́kọ́ sọ pé èyí jẹ́ fún gbogbo ènìyàn. A ó sọ ohun tí a pa láṣẹ, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti ìjìyà ẹni tí ó bá rú u. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a ó kọ pé àṣẹ Gómìnà ni, orúkọ akọ̀wé ìjọba á sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, akéde ni èyí, àfi pé kò ní agogo.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà. Akéde ń sọ èdè tí gbogbo ọjà gbọ́. Ìkéde ìjọba Èkó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó lè kà á kò pọ̀: àwọn Sàró tí ó padà wá láti Sierra Leone, àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́, àwọn òyìnbó oníṣòwò. Síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ni òfin náà mú, ẹni tí ó kà á àti ẹni tí kò kà á.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1863 ìjọba Èkó ṣe òfin kan lórí ilẹ̀. Ó yan àwọn ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Èkó, ìjọba a sì fún olúwarẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Lójú ẹni tí ó mọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere: tètè lọ gba ìwé. Lójú bàbá arúgbó tí ó jókòó nínú agbo ilé tí baba ńlá rẹ̀ kọ́, kí ni ìwé fẹ́ fi hàn tí orórì baba rẹ̀ kò tíì fi hàn? Ilẹ̀ ẹbí ni, gbogbo ẹbí ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kan ni ó máa ń wà lórí ìwé. Nígbà tí ó yá, àwọn kan fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dúró gba àwìn ọjà lọ́wọ́ òyìnbó oníṣòwò. Nígbà tí owó epo bá já wálẹ̀, tí wọn kò rí gbèsè san, ilé á bọ́ sọ́wọ́ olówó. Ẹ rántí ìkéde gbàǹjo tí mo sọ pé ó wà nínú òpó kejì. Ìkéde kan bí èkejì. Ẹni tí kò lè ka ti àkọ́kọ́, ìgbà tí agogo gbàǹjo bá dún lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni ó tó gbọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni èyí. Ohun tí ìjọba Èkó bá pinnu lórí ọ̀nà àti òwò, Ìbàdàn ń jẹ nínú rẹ̀. Ìlú wa kò ní etíkun. Bí Ẹ̀gbá bá ti ọ̀nà tiwọn, tí Ìjẹ̀bú sì ti tiwọn, iyọ̀ á wọ́n ní Ọjà'ba. Ìdí nìyẹn tí inú Ìbàdàn fi dùn nígbà tí Glover ṣí ọ̀nà Oǹdó ní ọdún 1872. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a tún ti àwọn ọ̀nà yòókù, àwọn ará Èkó ń jiyàn lórí wa nínú ìwé ìròyìn wọn: àwọn kan ní Ìbàdàn ni ó jẹ̀bi, àwọn kan ní òun kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, àwọn tí ó wà ní ibùdó ogun pẹ̀lú ìbọn léjìká, kò rí ìwé náà, wọn kò sì lè kà á bí wọ́n tilẹ̀ rí i.

Nígbà tí àlàáfíà fẹ́ dé, kò sí ẹni tí ó rò pé ìkéde inú ìwé lásán tó. Samuel Johnson, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, àti Charles Phillips, àlùfáà Oǹdó, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín Gómìnà Moloney àti àwọn ọba. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni àwọn aṣojú ìjọba, Higgins àti Smith, kéde àlàáfíà ní ojú ogun gan-an, níwájú àwọn balógun. Ẹ ṣe àkíyèsí rẹ̀: ìjọba tí ó ń tẹ ìkéde sínú ìwé ní Èkó mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ kí ogun dáwọ́ dúró, ẹnu ni òun yóò fi sọ ọ́, etí ni àwọn jagunjagun yóò sì fi gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni àdéhùn ti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1893 dé, ní àkókò Baálẹ̀ Fìjàbí. Nípa rẹ̀ ni Ìbàdàn fi gba Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí ìlú, Captain Bower sì ni Ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í borí agogo ní Ìbàdàn pẹ̀lú.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìjọba. Ẹ jẹ́ kí a wo oògùn.

Ìpolówó oògùn pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìgbà náà. Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Holloway. Hóró oògùn àti ìpara ni ó ń tà. Ohun tí ó fi ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé ó gbà pé owó tí òun bá ná sórí ìpolówó kò lè ṣòfò láé. Ní ọdún 1842 ó ná pọ́n-ùn 5,000 sórí rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kú ní ọdún 1883, ó ń ná tó pọ́n-ùn 50,000 lọ́dọọdún. Ó ní kí a túmọ̀ ìlànà lílò oògùn rẹ̀ sí èdè púpọ̀. Ibi tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dé, orúkọ rẹ̀ á dé ibẹ̀; Èkó kò gbẹ́yìn. Èrè rẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé-ìwé gíga fún àwọn obìnrin, tí Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ṣí ní ọdún 1886, ọdún tí a kéde àlàáfíà ní ogun Kírìjì.

Irú ìpolówó báyìí ní àṣà tirẹ̀. Á kọ́kọ́ dárúkọ àrùn, kò sì ní dá ọ̀kan dúró: ibà, ẹ̀dọ̀, orí fífọ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ́, egbò tí kò jinná. Lẹ́yìn náà á mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ ẹnì kan ní ìlú òkèèrè, tí ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ṣùgbọ́n tí ó ra ìgò méjì, tí ó sì dìde. Ní ìparí á kìlọ̀ pé ayédèrú wà lóde, kí ẹni tí ń rà á wo àmì dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ èyí sí ti olóògùn tí a fi sílẹ̀ ní Ọjà'ba lẹ́ẹ̀kan? Òun náà ń pe àrùn mẹ́wàá, òun náà ń mú ẹlẹ́rìí wá, òun náà ń sọ pé tẹni tí ó wà ní ìkángun ọjà kò dára. Ohun kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Olóògùn Ọjà'ba ní ojú, ó ní ilé, ó sì ní ẹbí. Bí ọmọ bá kú sí oògùn rẹ̀, a mọ ibi tí a ó ti lọ bá a. Ẹni tí ó kọ ìpolówó inú ìwé ń bẹ lókè òkun.

Kí ni ó wà nínú oògùn wọ̀nyí? Ẹ jẹ́ kí a mú méjì. Ọ̀kan ni èyí tí a ń pè ní Chlorodyne. Dókítà kan tí ó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, John Collis Browne, ni ó kọ́kọ́ pò ó, ó fẹ́ fi í wo onígbáméjì. A fi í polówó fún ikọ́, fún inú rírun, fún àìróorunsùn. Opium wà nínú rẹ̀, igbó wà nínú rẹ̀, chloroform tí a fi ń kun ènìyàn lóorun sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lóòótọ́ ó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ó sì ń mú ìrora rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu ún púpọ̀ lè sùn láìjí, ẹni tí ó bá sì mu ún pẹ́ á di ẹrú rẹ̀.

Èkejì ni hóró oògùn Beecham. Ìpolówó rẹ̀ ní àpótí kan tó gínì kan, èyíinì ni ṣílè 21. Ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan àbọ̀ ni wọ́n sì ń tà á. Ní ọdún 1909, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Secret Remedies, nínú èyí tí wọ́n tú àṣírí irú oògùn wọ̀nyí. Wọ́n rí i pé ohun tí ó wà nínú hóró Beecham ni aloes, èyí tí ó máa ń ṣí ènìyàn nínú, àti atalẹ̀, àti ọṣẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun èlò tí a fi ṣe hóró 56 kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ kọ́bọ̀ kan lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú sílétì yín: kọ́bọ̀ kan àbọ̀ lórí ṣílè kan, iye ìgbà mélòó ni ìdá mẹ́jọ kọ́bọ̀ wà nínú rẹ̀? Ìgbà 108 ni.

Kọ́bọ̀ kan àbọ̀ tí ó wà lórí ṣílè náà ní ìtàn tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohùn méjèèjì wa ti pàdé. Owó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti ọdún 1783 ni ìjọba ti ń gba owó lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó sì ń lẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ara àpótí láti fi hàn pé a ti san án. Òǹtẹ̀ náà kò sọ ohunkóhun nípa bóyá oògùn dára tàbí kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rà á rí òǹtẹ̀ ìjọba, wọ́n sì rò pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn olóògùn mọ èyí, wọ́n sì fi polówó. Ẹ rí i bí ẹni tí ó ń tajà ti ya agogo akéde lò. Bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí ó mọ̀wé ti lè ṣìnà báyìí, ẹ ro ti ọmọ Èkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ á-bí-dí, tí ó rí àṣẹ Gómìnà ní òkè ìwé, tí ó sì rí oògùn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú kan náà ni ìwé fún àwọn méjèèjì.

Kí a má bà a dá ẹjọ́ òdì, mo gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo oògùn òyìnbó ìgbà náà ni ó jẹ́ ẹ̀tàn. Kuníìnì jẹ́ oògùn ibà tòótọ́. Ní ọdún 1854 ni Dókítà Baikie fi ọkọ̀ Pleiad gun odò Ọya àti odò Bẹ́núé, tí ó ń fún àwọn òyìnbó tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kuníìnì, tí ibà kò sì pa ọ̀kan nínú wọn. Àwọn dókítà ọmọ Yorùbá pàápàá ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kí ọ̀rúndún náà tó parí, bí Nathaniel King àti Obadiah Johnson. Obadiah yìí ni àbúrò Samuel Johnson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan; òun ni ó ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ṣùgbọ́n dókítà kò tó nǹkan, ibà sì pọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná ní òru kì í dúró bi ìwé léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá rí ni yóò rà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi àwọn tí ó ra oògùn wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ìwé ìròyìn àti ìgò oògùn jọ bá a wọlé. Ní ọdún 1924 D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News níhìn-ín, ní Ìbàdàn, ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ní Èkó, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, I. B. Thomas pe ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Akéde Èkó. Orúkọ náà bá a mu. Ó mọ iṣẹ́ ẹni tí òun jogún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1941 ni òfin tó fi ipá mú àwọn olóògùn láti kọ ohun tí ó wà nínú oògùn sí ara ìgò. Ọdún náà pẹ̀lú ni wọ́n fagi lé owó òǹtẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1993 ni ó fi ẹsẹ̀ àjọ NAFDAC múlẹ̀, èyí tí ó ń fi nọ́ńbà sí ara oògùn tí a ti yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé nọ́ńbà yìí yàtọ̀ sí òǹtẹ̀ àtijọ́: òǹtẹ̀ ń sọ pé a ti gba owó, nọ́ńbà ń sọ pé a ti yẹ oògùn wò. Síbẹ̀ kò yẹ kí a sùn lé e. Láti ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn ọmọ tí eyín ń yọ pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó ju 80 lọ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé májèlé ti wọ inú ohun èlò tí a fi ṣe é. Àwọn ìyá wọn rà á pẹ̀lú ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá dàgbà, ẹ lọ sí ilé ìkówèé-ìrántí ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ ó rí ìwé ìròyìn àtijọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ má ka ìròyìn ogun nìkan. Ẹ ka ìkéde, ẹ ka ìpolówó, kí ẹ sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó fẹ́ kí ó gbọ́? Kí ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́? Kí ni kò sọ? Ìkéde ilẹ̀ ọdún 1863 kò sọ pé ilé ẹbí lè lọ sí gbàǹjo. Ìpolówó Chlorodyne kò sọ pé ọmọ lè sùn láìjí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Bí ẹ bá gba Mápó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, tí ẹ gbọ́ ẹni tí ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn tí ó ń wo àrùn mẹ́rìnlá, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì sáré ra á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àwọn baba wa ti ń ṣe, kí ẹ bi í léèrè: "Kí ni ẹ fi ṣe é?" Ẹni tí ó bá ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó dàbọ̀ o.